"Ilé àkọsílẹ̀" kò tíì gbé e: àwọn ọ̀rọ̀ fún Ilé Àlùfáà ti Alfriston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ka ìtumọ̀ tí ẹ fi síwájú wa lórí Ilé Àlùfáà ti Alfriston, abúlé kan ní East Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní ká yẹ ọ̀rọ̀ márùn-ún wò: "ilé míṣọ́n", "pálọ̀", "ògiri amọ̀", "àtúnkọ́" àti "ilé àkọsílẹ̀" (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "listed building"). Ẹ má bínú, mo rí nǹkan sọ sí gbogbo wọn.

"Ilé míṣọ́n" kò lè dúró. Ọ̀rúndún 14 ni wọ́n kọ́ ilé yìí, kò sì sí míṣọ́nnárì kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ilé àlùfáà" ti tó.

Dípò "pálọ̀", "gbọ̀ngàn" ni mo fẹ́. Yàrá àárín ilé náà kò ní àjà: bí èèyàn bá dúró nílẹ̀ tó gbójú sókè, igi òrùlé ló máa rí. Àárín ilẹ̀ irú gbọ̀ngàn báyìí ni wọ́n ń dáná sí láyé ìgbà náà. Kò sí ṣímínì, èéfín á máa gòkè lọ títí yóò fi ráyè jáde. Ìdí nìyẹn tí igi òrùlé irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ fi ń dúdú bíi ti ilé ìdáná àwọn ìyá wa. Ìpẹ̀kun ilé nìkan ló jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kó lè yé òǹkàwé dáadáa, ẹ jẹ́ ká kọ "gbọ̀ngàn aláìlájà".

"Ògiri amọ̀" ń tan èèyàn. Nínú ilé alámọ̀ tiwa, ògiri ló gbé òrùlé. Ní Alfriston, igi óákù ló gbé ilé, amọ̀ kàn dí àlàfo tó wà láàárín igi sí igi ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé "férémù", ṣùgbọ́n férémù ilẹ̀kùn ló máa sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. "Eegun ilé" ni mo dábàá. Tútù ni wọ́n ti ń gbẹ́ igi óákù, torí pé bó bá gbẹ tán, ó máa ń le ju kí irin wọ̀ ọ́ dáadáa lọ. Wọ́n á gbẹ́ orí igi kan bí ahọ́n, wọ́n á lu ihò sára èkejì, ahọ́n á wọ inú ihò, wọ́n á wá gbá èèkàn igi gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ojú ihò èèkàn tó wà lára ahọ́n kì í ṣe déédéé pẹ̀lú ti ara igi kejì, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sún díẹ̀. Bí èèkàn bá ti ń wọlé, á máa fa ahọ́n wọnú ṣinṣin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe èèkàn yìí ní "ìṣó". Ìṣó irin máa ń dípẹtà lára óákù, torí omi ara igi náà kan.

Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo ọ̀hún ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí agbọ̀n, tí wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ pòròpórò gígé àti ẹ̀bọ́tọ́ màlúù rẹ́ lójú méjèèjì. Hun, rẹ́: "ògiri àhunrẹ́". Bí a ṣe ṣẹ̀dá "àsèjẹ" náà ni.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ńkọ́? Ẹ kọ "ẹfun", ó dára gan-an, ẹfun ni lóòótọ́. Wọ́n gún un mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi wàrà kíkan bọ́ ọ kó má bàa máa bù. Ẹ jẹ́ kí "bọ́" wà níbẹ̀, ẹ má fi "kùn" rọ́pò rẹ̀.

"Àtúnkọ́" ló dùn mí jù. Láti 1877 tí William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń bá jà gan-an ni àtúnkọ́: kéèyàn ya ohun tó ti gbó dànù, kó fi tuntun tó jọ ti àtijọ́ síbẹ̀. "Àtúnṣe" ni ẹ̀kọ́ wọn. Bí ìdí ọ̀pó bá jẹrà, ibi tó jẹrà nìkan ni wọ́n á gé, wọ́n á so óákù mìíràn mọ́ èyí tó kù. Láìmù ni wọ́n á fi rẹ́ ògiri, ìyẹn ẹfun tí wọ́n sun níná tí wọ́n sì fi omi pa. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ ti ṣe é léṣe. Igi máa ń wú, ó sì máa ń sún kì, sìmẹ́ńtì kì í tẹ̀ lé e, ó máa ń sán. Òjò á gba ojú sísán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, igi ìsàlẹ̀ á sì máa jẹrà lábẹ́ ibi tójú ò tó.

Ó wá ku "ilé àkọsílẹ̀". Wọ́n kọ orúkọ ilé sínú ìwé lóòótọ́, láti ìgbà òfin 1947, ìpele rẹ̀ sì jẹ́ I, II* tàbí II. II* ni ti Alfriston. Ṣùgbọ́n kíkọ nìkan kọ́. Ẹni tó bá yí ilé bẹ́ẹ̀ padà láìgba àṣẹ, ì báà jẹ́ inú ilé, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin. Mo dábàá "ilé àfòfinṣọ́", ìyẹn à + fi + òfin + ṣọ́, bíi "àfọwọ́kọ".

*Èsì:*

Àbúrò, o ṣeun púpọ̀. Mo gba "gbọ̀ngàn aláìlájà", mo gba "àhunrẹ́", "eegun ilé" sì wọ̀ mí lára. "Àtúnkọ́" ti kúrò.

Àfòfinṣọ́ dára, ṣùgbọ́n má jẹ́ ká lò ó fún 1896. Nígbà tí National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ pàtàkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895, ra ilé yìí ní £10, tó sì di ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n rà, kò sí òfin kankan tó ń ṣọ́ ọ. Ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni. Owó àti ẹ̀bẹ̀ ló yọ ọ́. Fún ìgbà yẹn, "ilé tí wọ́n gbà là" ni mo máa kọ, "àfòfinṣọ́" á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òfin ti dé.

Òrùlé ni ìwọ kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo kọ "bẹẹrẹ", mo sì ti rí i pé kò tọ́: koríko tiwa ni bẹẹrẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pòròpórò àlìkámà ni tàbí èyí tó ń hù létí omi, tí Bíbélì wa pè ní ìfefe. "Òrùlé koríko" á gba méjèèjì. Àmọ́ ṣónṣó òrùlé, níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, ló máa ń kọ́kọ́ gbó, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún 10 sí 15 nígbà tí ìyókù ṣì dára. Ọ̀rọ̀ wo làwọn tó ń fi koríko bo ilé lágbègbè yín ń pe ibẹ̀?