Wọ́n fi mí ṣe adájọ́ níbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣe nílé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Ìkòròdú, n kò sì ṣe olùkọ́ rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n wà lára àwọn adájọ́ mẹ́ta tí yóò yẹ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ wò ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Kò sí owó níbẹ̀, n kò sì béèrè. Inú mi dùn pé wọ́n rántí mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi àlàyé ṣókí nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa.

Iṣẹ́ méjì ló ń dà mí láàmú. Èkíní ni ti àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ní SS2, tí wọ́n ní àwọn ti ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í lo epo: bátìrì ń yí mọ́tò kékeré kan, mọ́tò ń yí dáínámò, iná tí dáínámò ń mú wá sì tún ń padà sínú bátìrì kan náà, tí kò fi ní kú láéláé. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló sì fi ń yangàn. Èkejì ni ti ọmọbìnrin kan tó gbọ́n omi ọ̀sà ní Ìpakodò, tó sì da èso mọ̀ríńgà tó lọ̀ kúnná sínú rẹ̀ láti wò ó bóyá omi náà yóò tòrò. Nínú ìgò mẹ́fà tó lò, mẹ́rin tòrò, méjì kọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀. Páálí àtijọ́ ló fi ṣe pátákó àlàyé rẹ̀.

Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá àánú ló ń ṣe mí. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà jẹ́ ọmọ onílé mi. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ físíìsì kan ní Ẹ̀pẹ́ dáhùn:

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Agbára kì í dá ara rẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá yí mọ́tò, apá kan nínú agbára rẹ̀ á di ooru, apá kan á bá ariwo lọ, apá kan á sì ṣòfò níbi tí irin ti ń ha irin; kí dáínámò tó sọ ìyókù di iná, òmíràn á tún ti lọ. Ohun tó padà sínú bátìrì kò lè tó ohun tó jáde, ká má tíì sọ pé wọ́n tún fi tan gílóòbù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tí kò rẹ̀ rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

Síbẹ̀, ẹ má pè wọ́n ní òpùrọ́. Bí ẹ bá ti dé, ẹ ní kí wọ́n tan gílóòbù sí i, kí ẹ fi mítà wọn fólítì bátìrì náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa padà wá wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn títí ètò yóò fi parí. Ẹ kò ní láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nọ́ńbà tó ń wálẹ̀ yóò sọ tẹnu rẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá sì ti wọ̀n ọ́n fúnra wọn, tí wọ́n jẹ́wọ́ pé ó ń rẹ̀, máàkì tọ́ sí wọn.

Ìyá ọlọ́mọ kan ní Ìkòròdú dáhùn:

Ẹ jẹ́ ká rọra o. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó jókòó so wáyà pọ̀ dípò kí wọ́n máa rìn kiri yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. Bí adájọ́ bá já ẹ̀rọ wọn ní koro lójú èrò, ta ni yóò tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀?

Olùkọ́ físíìsì náà dáhùn:

Òótọ́ ni ẹ sọ, mà. Ẹ yin akitiyan wọn lójú èrò, kí ẹ wá sọ ti bátìrì fún wọn níkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ipò kìíní kọ́ ni wọ́n fi ń yin akitiyan.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Àgbádárìgì dáhùn:

Àbúrò mi, àánú kọ́ ló ń ṣe ọ́. Nínú ISEF, ìdíje sáyẹ́ǹsì àgbáyé ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, máàkì 100 ni wọ́n ń pín: ìbéèrè ìwádìí gba 10, ètò iṣẹ́ gba 15, ṣíṣe iṣẹ́ náà àti ìtúmọ̀ èsì gba 20, ọgbọ́n àtinúdá gba 20, ìgbékalẹ̀ sì gba 35. Nínú 35 yìí, pátákó kò ní ju 10 lọ. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ni 25 tó kù. Ṣé o rí i pé ọ̀dà àti páálí kò tó nǹkan? Sún mọ́ ọmọ, kí o béèrè ohun tí ì bá yí padà bí wọ́n bá ní kó tún un ṣe. Ọmọ tí òbí bá ṣiṣẹ́ fún yóò kọ́kọ́ wo ojú òbí rẹ̀ ná.

Ní ti onílé, sọ fún olórí àwọn adájọ́ lónìí, kí àwọn méjì tó kù fún iṣẹ́ yẹn ní máàkì. Kí o sì tètè san owó ilé rẹ.

Ẹni tó béèrè dáhùn:

Mo dúpẹ́ gidigidi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pe olórí wa, ó sì ti yọ mí kúrò lórí iṣẹ́ àwọn ọmọkùnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú mítà dání. Ní ti ọmọbìnrin yẹn, mo rántí pé mọ̀ríńgà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú omi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ kéré, nítorí náà n ó bi í bóyá ọjọ́ kan náà àti ibì kan náà ló ti gbọ́n omi ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. N ó sì bi í bóyá ó rò pé èyí tó tòrò ti ṣeé mu, torí pé lẹ́nu iṣẹ́ wa, a máa ń rí kòkòrò àìfojúrí nínú omi tó mọ́ gaara. Bó bá ní òun kò tíì mọ̀, n kò ní yọ máàkì kankan.