Ìwé wo ni kí n rà fún bàbá mi? Ọ̀la ni mò ń lọ Kétu

Ọmọ Ìdẹ́nà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé Yorùbá ni mò ń wá fún bàbá mi. Ìtàn ọdẹ àti iwin ni wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í ṣí i mọ́. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí ni mo wà. Ẹ gbà mí, aago méje àárọ̀ ni mọ́tò máa gbéra.

Tísà Àgbà: Níbo ni bàbá ti kọ́ Yorùbá kíkà, níbí ni àbí Nàìjíríà?

Ìyá Àlàbá: Ẹ má sanwó fáwọn tó ń kó ìwé láti Nàìjíríà gba ẹnubodè Ìgóló wá o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de ti ìyá mi. Wọ́n kà á dé ojú ewé 64, wọ́n ṣí i, 81 ló kàn! Ibi tí ìyàwó kékeré ti fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an. Títí dòní ni wọ́n ń bi mí pé kí ló jẹ́wọ́.

Ará Wàǹdó: Ẹlẹ́rù kọ́ ló jẹ̀bi. Ojú ewé 16 ni wọ́n máa ń ká pọ̀, ìdì kan ló já bọ́ nílé ìtẹ̀wé.

Ìyá Àlàbá: Ṣé ìyẹn ló máa dá owó mi padà?

Bàbá Ọlọ́jà: Àgbà kì í ka àlọ́. Ìtàn ìlú ni kó rà, bí Dàhòmì ṣe fọ́ Kétu lọ́dún 1886.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ta ló sọ? Bàbá àgbà mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìtàn ìfẹ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn nígbà èwe ni.

Nọ́ọ̀sì: Ṣé bàbá máa ń na ìwé jìnnà sójú? Téèyàn bá ti tó bí ogójì ọdún, dígí inú ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọ̀pọ̀ tó ní ìwé ò wu òun mọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló sú u.

Màmá Táyé: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ọmọ ọdún 9 ni, kó láwòrán.

Tísà Àgbà: Kò tíì dá mi lóhùn. Ẹni tó kọ́ ọ níbí, ɔ, sh àti kp ló mọ̀. Ọ, ṣ àti p ti Nàìjíríà á máa fa ojú rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ Ìdẹ́nà: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, ti 1938 yẹn. Mo mọ̀ pé bàbá ti kà á. Nígbà tí mo wà ní lìsé, ilé ẹ̀kọ́ girama, bí wọ́n bá ti gbé e jáde báyìí, màá sá jáde. Lónìí mo ṣí i wò lọ́jà, orí ìdúró ni mo ti ka ojú ewé mẹ́rin. Bí bàbá ò bá fẹ́, tèmi ni. Ìyá Àlàbá, mo ka ojú ewé rẹ̀, ó pé.

Ìyá Àlàbá: Ó dáa. Ṣé ẹ rí ti ìyàwó kékeré yẹn níbẹ̀?