Ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀sín: èsì lórí "ìfara-ẹni-ṣẹ̀sín"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ tí a ó máa pe àṣà àwọn tó ń kọ àròkọ nípa ara wọn, tí wọ́n ń fi àléébù ara wọn pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín, àwọn kan dábàá "ìfara-ẹni-ṣẹ̀sín". Ìhun rẹ̀ dára, ìfara-ẹni-rúbọ ti là á lọ́nà. Ẹ̀sín inú rẹ̀ ni n kò lè gbà. Ojoojúmọ́ là ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má sọ wá di ẹni ẹ̀sín. Ta ni yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, tí a ó tún máa yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n kọ?

Bàbá tó kọ̀wé lánàá ní àṣà náà fúnra rẹ̀ kò dára, pé bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, wọn a bá a fi kólẹ̀. Òwe náà tọ́. Àmọ́ ẹ wá sí ọjà Òlúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ha ìpẹ́ ẹja, tí ìpẹ́ ń ta mọ́ ọn ní gèlè, tó ń wí fún oníbàárà pé, "Ọwọ́ mi yìí, ológbò ló ń sìn mí délé." Ẹni tó ti ń fajú ro nítorí owó ẹja á túra ká, á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ fetí sí i dáadáa o: kò sọ láé pé ẹja òun ti bàjẹ́. Ọwọ́ ló fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò pe igbá ní pàǹkàrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Montaigne, ará Faransé tí àròkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1580. Ó ráhùn pé òun kì í rántí nǹkan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn akéwì Róòmù kún inú àròkọ náà fọ́fọ́. Bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu fún wa, ibi tí irọ́ wà là ń wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú àléébù ara rẹ̀ síta, ọkàn wa á balẹ̀ sí i, a ó sì gbà á gbọ́ tó bá débi ọ̀rọ̀ tó le.

"Ìfara-ẹni-ṣẹ̀fẹ̀" ni mo fara mọ́. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ fúyẹ́ jù. Ṣé ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúyẹ́ ni? Bí ará ìlú ṣe ń rẹ́rìn-ín ni orin ń bá ìwà wọn wí. Ká fi ẹ̀sín sílẹ̀ fún ẹni tó ń tàbùkù ara rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ, ẹ pe "ìfara-ẹni-ṣẹ̀fẹ̀" fún wọn ná, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá ó yọ̀ lẹ́nu wọn.