Ìwé-ẹ̀rí wo ni kí n kọ́kọ́ gbà fún iṣẹ́ paraplanner?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nídìí ìmọ̀ràn owó. Ìbàdàn ni mo wà. Iṣẹ́ ìwádìí àti kíkọ ìwé àbá fún olùdámọ̀ràn ni mo ń lé, kì í ṣe ti ẹni tó ń jókòó ti oníbàárà.

Ìdánwò mẹ́fà ti CII (Chartered Insurance Institute, àjọ tó ń fún àwọn olùdámọ̀ràn owó ní ìwé-ẹ̀rí) ní ìlú Ọba, R01 dé R06, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. R06 ló jọ iṣẹ́ yìí jù: ìtàn oníbàárà méjì ni wọ́n ń gbé síta ṣáájú ìdánwò, èèyàn á wá kọ àbá lé e lórí. Àmọ́ owó orí tiwọn ni R03, owó ìfẹ̀yìntì tiwọn ni R04. Ọdún owó orí wọn tún ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Kẹrin, iye owó orí sì lè yí padà nígbà náà, nítorí náà ìwé àlòkù lè tan èèyàn jẹ. Òfin ìfẹ̀yìntì tiwa ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8% owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10% sí i, ó kéré tán. Kí ni R04 fẹ́ ṣe fún oníbàárà ní Bódìjà?

CFA (Chartered Financial Analyst, ìwé-ẹ̀rí ìtúpalẹ̀ ìdókòwò) ńkọ́? Ìpele mẹ́ta gbáko! Lójú tèmi, àwọn tó ń darí owó ìdókòwò ló wà fún.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìlú Ọba ni mo fẹ́ máa bá ṣiṣẹ́ láti ilé, ṣé R01 (òfin àti ìwà tó yẹ nídìí iṣẹ́ owó) àti R02 (ìdókòwò) tó láti fi wáṣẹ́, àbí kí n parí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Tó bá sì jẹ́ Nàìjíríà ńbí, ṣé ìwé-ẹ̀rí ICAN, àjọ àwọn oníṣirò owó, ni kí n gbájú mọ́?