Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ohun ìṣeré ọmọ lórí fóònù fún Kérésì, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Kérésì ti dé tán. Àwọn ọmọ ń béèrè ohun tí Fàdá Kérésì máa gbé wá, wọn ò mọ̀ pé Fàdá Kérésì ò tíì gba owó oṣù. Kí n tó tún náwó lọ́dún yìí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí mọ́tò kan lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp obìnrin kan, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mọ́tò pupa, eléyìí tí wọ́n ń fi rìmóòtù wà, iná ń tàn níwájú, iná ń tàn lẹ́yìn. ₦18,500 ni ẹyọ kan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í ra ẹyọ kan fún ìbejì. Mo san ti méjì, ₦37,000, mo tún fi ₦4,000 lé e fún waybill láti Èkó. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, dírẹ́bà pè mí láti páàkì ní Ìwó Road. Mo débẹ̀, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èkejì ńkọ́?" Ó ní ohun tí wọ́n fún òun nìyẹn. Mo bá tú u níbẹ̀, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀, àwọn àgbèrò ń wò mí.

Mọ́tò kan. Rìmóòtù méjì.

Ọmọ Àkúrẹ́
Mọ́tò kan, rìmóòtù méjì. Ẹ gbà mí, mo wà níbi iṣẹ́.

Bàbá Àdùkẹ́
Tiyín ṣì dáa, mọ́tò ṣáà dé. Èmi ra ilé ìdáná ìṣeré fún Àdùkẹ́. Nínú àwòrán, ọmọdébìnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ro ọbẹ̀, orí sítóòfù náà bá a ní ìgbáròkó. Èyí tó dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé e. Sítóòfù wà níbẹ̀, síǹkì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n ìka mi ò lè wọ inú ìkòkò rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Dádì, ṣé èèrà ló máa dáná ni?"

Tóókẹ́
Wọn ò kọ bó ṣe tóbi tó síbẹ̀ ni?

Bàbá Àdùkẹ́
Wọ́n kọ ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní: 14 cm. Àwòrán lèmi ń wò.

Tóókẹ́
Bọ̀dá mi, rúlà ọmọ iléèwé jẹ́ 30 cm. Èmi máa ń gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì kí n tó san ohunkóhun. 14 yẹn ò tiẹ̀ tó ìdajì rúlà.

Bàbá Àdùkẹ́
Mo ti gbọ́. Ìgbà tí orí ti fọ́ tán lẹ ń gbé akoto wá.

Olórí Ìbejì
Ìyá Ìbejì, ẹ padà sọ́dọ̀ wa jọ̀ọ́. Ta lẹ fún ní mọ́tò náà? Táyé àbí Kẹ́hìndé?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Mi ò lè fún ẹnì kankan. Mo fún wọn ní rìmóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé mọ́tò sílẹ̀ ní àárín pálọ̀, mo sá wọ kíṣíìnì. Ẹ̀yin ará, rìmóòtù méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́! Táyé ní kó lọ síwájú, Kẹ́hìndé ní kó padà sẹ́yìn. Mọ́tò ń gbọ̀n lójú kan náà bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń yí òbíríkítí. Bàbá wọn jókòó, ó ń wò ó bíi pé Super Eagles ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Bátìrì kú kí ìrẹsì tó jinná. Ìgbà yẹn ni ìjà wá bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́run Ò Gbàgbọ́
Irọ́. Báwo ni rìmóòtù méjì ṣe máa wa mọ́tò kan? Àǹtí, ẹ ti fi iyọ̀ sí i.

Atúnrédíòṣe Òkè-Àdó
Kì í ṣe irọ́ o. Iṣẹ́ mi nìyí. Àwọn mọ́tò pọ́ọ́kú yẹn, ìlà rédíò 27 MHz ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Bí ilé iṣẹ́ rédíò ṣe ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé tó bá yí i síbẹ̀ ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni rìmóòtù náà ń ké sáfẹ́fẹ́, mọ́tò tó bá ti wà lórí ìlà yẹn á dáhùn. Kò mọ ọ̀gá rẹ̀. Èyí tó gbówó lórí díẹ̀ ni 2.4 GHz. Ìyẹn máa ń mọ rìmóòtù tirẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀. Kódà ká ní mọ́tò yín pé méjì, tó bá jẹ́ 27 ni méjèèjì, ẹni tó bá tẹ tiẹ̀ lè máa wa ti ẹnì kejì. Ẹ béèrè 2.4, tàbí kẹ́ ẹ ra ọ̀kan tó jẹ́ 27 àti ọ̀kan tó jẹ́ 40 tàbí 49. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sídìí mọ́tò tàbí sẹ́yìn páálí.

Ọmọ Ọlọ́run Ò Gbàgbọ́
Ó dáa, mo túúbá.

Mama T
Tèmi ò ní rìmóòtù rárá, ó kàn ń dá ṣe tinú ẹ̀. Adìẹ kan tó ń jó ni. Ó ń kọrin lédè Ṣáínà láago méjì òru, láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka "láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́".

Mama T
Ìyá ọkọ mi ní kí n sun ún níná.

Atúnrédíòṣe Òkè-Àdó
Ẹ má sun ún o, bátìrì inú iná máa ń bú gbàmù! Bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ, tàbí kí omi ti wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ bátìrì ẹ̀, ẹ padà lọ sùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ bátìrì, torí ẹ̀ ni mo ṣe wọlé. Ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rín tì ná. Èyí tó róbótó pẹlẹbẹ, tó ń dán bíi kọ́bọ̀, ni mò ń sọ. Inú ọmọláńgidi tó ń sunkún ló wà, inú aago ọmọdé, inú káàdì tó ń kọrin. Tí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, wákàtí méjì ti tó kó fi jó inú ọ̀fun. Bátìrì ò tiẹ̀ ní láti jò kó tó ṣe é. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì í. Ilé ìwòsàn tó ní X-ray ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá ń ṣeré. Tí ọjà yín bá dé, ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀: ṣé síkúrù wà lẹ́nu ilé bátìrì yẹn? Tó bá jẹ́ èyí tí èékánná lè ṣí, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Àwòrán ojú ọmọ tó ní 0-3 tí wọ́n fa ìlà dábùú, ìkìlọ̀ ni: kì í ṣe ti ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Sinmi Jẹ́jẹ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo tilé wa. Kò ní síkúrù. Ó ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Àlájì Kékeré
Ẹ̀yin Kérésì nìkan kọ́ o. Èmi ra àgbò tó ń rìn fún ọmọ mi nígbà Iléyá. Ó dé lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ti jẹ àgbò gidi tán.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham
Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ò dá a padà. Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tẹ́ ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé láti sọ pé ẹ ò ṣe mọ́, kódà tí kò bàjẹ́. Òfin ọdún 2013 ni. Lẹ́yìn náà ẹ tún ní ọjọ́ 14 míì láti fi í ránṣẹ́.

Tóókẹ́
Ọjọ́ 14 kẹ̀! Fẹ́ńdọ̀ tèmi kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin
Kíkọ tó kọ ọ́ ò sọ ọ́ di òfin. Àwa náà ní òfin ti ọdún 2018, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ọjà tí kò bá bá ohun tí wọ́n júwe mu, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀.

Bàbá Àdùkẹ́
Òfin wà, a gbà. Nọ́ńbà tí wọ́n ti pa ni FCCPC máa lọ mú ni?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà
Fẹ́ńdọ̀ ni mí, ẹ má tíì sọ̀kò. Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ jìbìtì. Bí páálí ńlá bá dé, àwọn tí kò ní páálí tiwọn, mọ́tò wà lọ́tọ̀, rìmóòtù wà nínú ọ̀rá kéékèèké lọ́tọ̀. Tó bá ti di ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń di ọgọ́rùn-ún ẹrù, ebi ń pa wọ́n, ráídà ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó di tiyín ka rìmóòtù, kò ka mọ́tò. Ṣé ẹ pè é?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Mo pè é. Ó bẹ̀ mí gan-an, ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, fọ́tò rẹ̀ ti pòórá, gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ ń jẹ́ máàkì ẹyọ kan.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà
Háà. Ìyẹn ti di jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ gbọ́ tiwa. Èmi gbé ọmọláńgidi mẹ́rin lọ sí Ìkòròdú lọ́dún tó kọjá, owó di ìgbà tó bá dé. Mo dé géètì, mọ̀mí ní ọkọ àwọn ti ra òmíràn. Ta ló máa san owó epo mi? Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń gba owó ṣíwájú.

Àgbà Oníbàárà
Bẹ́ẹ̀, sísanwó nígbà tó bá délé yẹn gan-an ló jẹ́ ká gba ríra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ta ló máa fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nígbà náà?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston
Àwa tó wà ní Amẹ́ríkà níbí náà ń jẹ ìyà o. Tẹ́lẹ̀, ẹrù láti òkèèrè tí owó rẹ̀ kò ju $800 lọ kì í san owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní oṣù Karùn-ún 2025 wọ́n dá ti Ṣáínà dúró, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ wọ́n dá ti gbogbo ayé dúró. Àwọn ohun ìṣeré wẹ́wẹ́ tí mo máa ń kó sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé, ẹ má retí wọn lọ́dún yìí. Kí àwọn ẹbí mi tó ń ka èyí gbọ́, mi ò fẹ́ pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sinmi Jẹ́jẹ́
Ẹ ṣáà fi bisikíìtì síbẹ̀.

Olórí Ìbejì
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ká ní ẹyọ kan ló dé lóòótọ́, Kẹ́hìndé ló ni í. Òun ni ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ọlọ́run Ò Gbàgbọ́
Ẹ̀gbọ́n báwo? Ta ló kọ́kọ́ jáde?

Olórí Ìbejì
Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Tọ́-ayé-wò. Ṣé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń rán níṣẹ́ nílé tiyín?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Nínú ìwé ìgbẹ̀bí, ago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Táyé, ago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni Kẹ́hìndé. Mo kàn ń sọ ohun tí mò ń kọ.

Táyé Gan-an
Táyé ni mí, ẹni ọdún 41. Láti kékeré, èmi ni mo máa ń lọ ra nǹkan, Kẹ́hìndé ni í kọ́kọ́ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn rí mọ́tò wà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ dúró ná, ráídà ń pè mí. Tọdún yìí mi ò tíì san kọ́bọ̀, mo ní ó dìgbà tí mo bá fojú rí i. Mò ń lọ sẹ́nu géètì.

Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ ka mọ́tò o!

Atúnrédíòṣe Òkè-Àdó
Ẹ wo ẹ̀yìn páálí. 2.4.

Bàbá Àdùkẹ́
Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú. Àbí ráídà ti gbé Ìyá Ìbejì lọ?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Mo ti dé. Mọ́tò méjì, rìmóòtù méjì, 2.4 ni wọ́n kọ sí i, síkúrù wà lẹ́nu ilé bátìrì. Mo ní kí ráídà dúró, a dán méjèèjì wò lórí kọnkéré níwájú géètì. Òun náà gba rìmóòtù kan, ó wa tiẹ̀ dé ìdí gọ́tà, agbára káká ló fi dá a padà fún mi. Mo ti sanwó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Pupa méjì ni mo sọ fún wọn.

Olórí Ìbejì
Kẹ́hìndé ni kó kọ́kọ́ yan.

Táyé Gan-an
Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.