Ṣé èèpo ọsàn yìí ti di oògùn ni?

Ọmọ Láàbù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo sá èèpo ọsàn gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù (ògidì ọtí) fún ọjọ́ méjì. Mo wá kán an sórí àwo tí mo gbin Staphylococcus aureus, irú bakitéríà kan, sí. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, òbìrí kan ti mọ́ roro láàárín àwo, kòkòrò kankan ò hù níbẹ̀. Oorun ò kùn mí mọ́! Ṣé mo ti rí oògùn nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Àwo: Rọra, àbúrò. Ṣé o kán ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan sórí àwo mìíràn? Òun fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà. Èmi náà ti jó ijó yẹn rí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yin ewé kan, ọtí ni mo ń yìn.

Ìyá Kẹ́mísírì: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fojú di èèpo. Alpha-mangostin, èròjà kan tó wà nínú èèpo èso ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń pè ní mangosteen, máa ń da awọ ara Staphylococcus rú, títí kan MRSA, irú Staphylococcus aureus tí oògùn apakòkòrò methicillin ò ràn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ran bakitéríà E. coli ṣá, torí ìyẹn ní awọ kejì lóde. Ìṣòro rẹ̀? Kì í yòrò dáadáa nínú omi, ó sì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ta ló máa gún ìyẹn lábẹ́rẹ́ fún aláìsàn?

Ọmọ Láàbù: Yéè! Mi ò kán ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan o. Mo ti sọ fún màmá mi pàápàá. Mò ń padà sí láàbù lọ́la.