Iṣẹ́ rélùwéè ní Mọníyà: báwo ni ẹni tó ní ND iná ṣe lè wọlé?

ỌmọSángó:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ibí. ND (National Diploma) ẹ̀ka iná ni mo ní láti Pólì Ìbàdàn, Sángó ni mò ń gbé, ọmọ Ìṣẹ́yìn sì ni mí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló wù mí, pàápàá ní ibùdó tuntun tó wà ní Mọníyà, Ìbàdàn níbí, yálà kí n máa wà á ni o tàbí kí n máa tún un ṣe. Ibo ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù? Kí ni wọ́n máa ń dán wò? Àwọn kan ní ẹni tí kò bá mọ èèyàn kó má dáwọ́ lé e. Ẹnì kan tún ní òun lè bá mi ra àyè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀:
Má san kọ́bọ̀. Wọn kì í ta fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. .gov.ng ni ìkànnì ìjọba máa ń parí sí. Èyí tó bá ti ń gba owó "àyẹ̀wò ìwé" tàbí owó "ìtọ́jú fáìlì" sínú àkáǹtì ẹnì kan, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹni tó ní òun ń ta àyè, bi í ní nọ́ńbà ìpolówó tí àyè náà wà nínú rẹ̀, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Akọ̀wé:
Ìwé ni kó o kọ́kọ́ mójú tó, ọmọ mi. Orúkọ tí kò bára mu ń lé èèyàn padà kí ìdánwò tó kàn wọ́n rárá. WAEC á kọ Adéwálé Sunday, NIN á kọ Adéwálé S., ìwé ọjọ́ ìbí á wá fi Sunday ṣe orúkọ bàbá. Ẹ̀rọ tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò kò ní béèrè àlàyé, ńṣe ló máa yọ ọ́ sọnù. Kó gbogbo wọn sórí tábìlì lónìí, kó o fi wọ́n wé ara wọn lẹ́tà kan sí èkejì. Ti WAEC ni kó o gbà ṣe òpó, torí òun ló nira jù láti yí padà. NIN ni kó o gbé lọ sí NIMC kí wọ́n tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ló yàtọ̀, wọ́n máa béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, ìyẹn kì í sì í yá. Má dúró dìgbà tí ìpolówó bá jáde.

Ìwé ọmọ bíbí ìlú: Ìṣẹ́yìn ni kó o ti lọ gbà á, má gbà á ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Sángó wà. Ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá ni ìlànà Federal Character, ìyẹn ìlànà pípín iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, ń wò, ibi tó ń gbé kò jẹ mọ́ ọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ọ̀yọ́ ló jọ ń pín ìpín kan náà.

Bó bá wá kan ipò tí wàá yàn, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti lo ọgbọ́n. GL 06 (GL ni ìpele iṣẹ́ ìjọba, Grade Level) ni ND máa ń wọlé sí. Láti GL 08 lọ sókè, gbogbo Nàìjíríà ló ń du àyè, ìlànà sì ní kí wọ́n polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, tó ń kárí orílẹ̀-èdè. Ti ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ agbègbè tí ọ́fíìsì wà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, àǹfààní tìrẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìpolówó bá dé, wàá rí àwọn tó ní ND tí wọ́n á lọ tẹ "officer" torí pé orúkọ náà dùn létí. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn sé ilẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "technician" tàbí "assistant", níbi tí wọ́n ti dárúkọ ND, ibẹ̀ ni kó o wọlé sí.

Ó ku ọ̀kan. Ímeèlì tìrẹ ni kó o lò, má lo ti oníkáfíì. Ọjọ́ tí ìwé ìpè ìdánwò bá wọlé sí ti oníkáfíì, ta ni yóò rí i fún ọ? Tẹ ìwé tó fi hàn pé wọ́n gba fọ́ọ̀mù rẹ jáde, má sì pààrọ̀ láìnì fóònù rẹ.

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Ohun tí Ìyá Akọ̀wé sọ dára, àmọ́ kí owó tó jáde lápò rẹ fún ìwé ìdánwò, lọ yẹ ojú rẹ wò. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ ojú irin tàbí tó máa tọ́jú àmì ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ìwé Ishihara ni wọ́n máa fi hàn ọ́: àwọn ojú ìwé tó kún fún ẹ̀kán aláwọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fara pamọ́ sáàárín wọn. Èyí tó pé ní ojú ìwé 38. Ilé ìwòsàn ojú ní UCH lè ṣe é, ọ̀pọ̀ oníwòsàn ojú aládàáni náà ní i. Má wò ó lórí fóònù o, torí iná fóònù máa ń yí àwọ̀ padà.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní àìsàn yìí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n máa yẹ etí wò, wọ́n sì lè gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò oògùn olóró. Ẹni tó ń fa igbó déédéé kò lè ní òun jáwọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ó lè wà nínú ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí dókítà bá kọ oògùn ìrora tó lágbára fún ọ, mú ìwé rẹ̀ dání lọ.

ỌmọSángó:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ń lo awò ojú. Ṣé ìyẹn á pa mí lára?

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Rárá, bí o bá ti lè ríran dáadáa pẹ̀lú awò ojú náà. Àìríran jìnnà ni awò ń tún ṣe, kò lè tún àìmọ àwọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ló ń ṣe ọ́, a jẹ́ pé kó o fi awakọ̀ sílẹ̀, kó o wo ẹ̀ka tíkẹ́ẹ̀tì, ìṣirò owó tàbí ibi ìkẹ́rùpamọ́. Ìwọ oníná gan-an kúkú mọ̀ pé àwọ̀ ni a fi ń mọ wáyà.

Ojú Irin:
Ó ku ohun tí wọ́n lè bi ọ́. Wọ́n kì í gba ará ìta kó lọ jókòó sórí àga awakọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Igbákejì awakọ̀ tàbí oníṣẹ́ ẹ̀rọ lo máa kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á dán ọ wò, kí ìdarí tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́.

ND iná rẹ wúlò ju bó o ṣe rò lọ. Nínú ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ ojú irin tó ń lo dísù, ẹ́ńjìnnì kì í sábà yí táyà irin fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, jẹnẹrétọ̀ ń fún mọ́tò tó wà lára ọ̀pá táyà ní iná, mọ́tò yìí ló wá ń yí táyà. Ẹni tó bá lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn láìkọ́ ọ sórí ti fi ara rẹ̀ hàn yàtọ̀.

Bíréèkì náà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù gígùn tó gba abẹ́ gbogbo kọ́ọ̀ṣì kọjá ló ń jẹ́ kí bíréèkì tú. Bí páìpù bá já, afẹ́fẹ́ jáde, bíréèkì di táyà mú fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá a sí òdì, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ tó ń jáde ló ń sọ bíréèkì nù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ọ̀ṣì tó bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ lórí òkè kò ní dúró mọ́.

Mọ ojú irin méjèèjì tó wà nílùú wa. Ti àtijọ́, tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, fẹ̀ ní milimítà 1,067. Ti tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ owó ní oṣù kẹfà 2021, tó wá láti Èkó sí Mọníyà ní kìlómítà 157, fẹ̀ ní 1,435. Ojú inú irin kan sí ojú inú èkejì ni a ń wọ̀n. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 368, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ Dùgbẹ̀ kò fi lè sáré lórí ti Mọníyà.

Ìṣirò tó rọrùn ló máa ń mú àwọn tó mọ̀wé. Bí ọkọ̀ bá fi wákàtí méjì àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rin kìlómítà 157, báwo ló ṣe ń sáré tó? Àwọn kan á fi 2.30 pín in, wọ́n á rí bíi 68. Irọ́ ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ ìdajì wákàtí, 2.5 ni: 157 ÷ 2.5 = 62.8 kìlómítà ní wákàtí kan.

Wọ́n tún lè béèrè ohun tí oòrùn ń ṣe sí irin. Irin tó gùn ní kìlómítà kan, tó gbóná sí i ní ìwọ̀n 30 ti Celsius, á fẹ́ gùn sí i tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36. Bí òkúta tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá dì í mú dáadáa, irin á lọ́ bí ejò. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú irin máa ń rìn ín lójú oòrùn ọ̀sán torí ìyẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n Àpáta:
Ìyá Akọ̀wé, ẹ má bínú o, ẹ ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mímọ èèyàn. Irọ́ pátápátá kọ́ ni. Ìjọba lè yọ̀ǹda kí iléeṣẹ́ kan gba èèyàn láìpolówó, waiver ni wọ́n ń pè é, ẹni tí kò sí nítòsí ò sì ní gbọ́. Ohun tó lè mú ọ sún mọ́ wọn láìsan owó ni IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń lọ ṣe ní iléeṣẹ́. Kọ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ iléèwé rẹ fún ẹ̀ka ẹ̀rọ tàbí ẹ̀ka àmì ojú ọ̀nà, gbé e lọ fúnra rẹ, kó o sì béèrè ọ́fíìsì tó ń gba irú rẹ̀ ní Mọníyà. Ẹni tí wọ́n ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣòro dárúkọ.

Má sì gbájú mọ́ Mọníyà nìkan. Láti oṣù kẹta 2023 tí wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ti ní àṣẹ lórí rélùwéè. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Èkó, ń lo iná 750 fóólù láti inú irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, oníná ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń to kọ́ọ̀ṣì ẹrù jọ wà ní Kájọlà ní Ògùn. Kì í ṣe NRC, iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba àpapọ̀, ló ń gba èèyàn sí gbogbo ìyẹn.

ỌmọSángó:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ìwé ẹ̀rí trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, ńkọ́? Ṣé ó pọn dandan?

Ìyá Akọ̀wé:
Ẹ̀gbọ́n Àpáta, mo gbà fún yín lórí IT yẹn.

Trade test kò pọn dandan fún ẹni tó ní ND, àmọ́ ó ń gbé fáìlì ga fún ipò oníṣẹ́ ọwọ́. Ìpele mẹ́ta ló ní, III ni ìbẹ̀rẹ̀, I ló ga jù. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe é. Lọ béèrè ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkólàbà, kó o mú ẹ̀dà ND rẹ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dání. Fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ náà dáadáa kó o tó lọ o, torí wọ́n máa ní kó o so wáyà lójú wọn.